Spam tí ń gba inú fọ́ọ̀mù ìkànnì wọlé: kí ni ẹ fi dá a dúró?

Ìyá Aláṣọ Balógun kọ:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín o. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, ní Erékùṣù Èkó: léèsì, àǹkárá, àti aṣọ òkè tí a ń kó wá láti Ìsẹ́yìn. Mo ní ìkànnì kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá mi ṣe ní Yábà kí ó tó lọ sí òkè òkun, WordPress, ìyẹn ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì, ni ó sì fi ṣe é. Fọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ tí oníbàárà lè fi kọ̀wé sí mi, tí ó ní àyè orúkọ, àyè ímeèlì, àyè nọ́ńbà fóònù àti àyè ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ a máa bọ́ sínú ímeèlì mi tààrà.

Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, spam, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìpolówó àti ẹ̀tàn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, ti ń gba inú fọ́ọ̀mù yìí wọlé kọjá ohun tí mo lè kà. Àwọn kan ní àwọn yóò gbé ìkànnì mi dé òkè pátápátá lórí Google. Àwọn kan fẹ́ yá mi lówó. Àwọn kan ń kọ èdè Rọ́ṣíà tàbí ohun tí ó jọ ọ́, àwọn mìíràn sì ń polówó oògùn tí kò ṣeé dárúkọ láwùjọ. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àárín wọn ni ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà gidi ń sọnù sí. Ìdílé ìyàwó kan ní Houston kọ̀wé béèrè aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi rí ìwé wọn láàárín pàǹtírí yẹn, wọ́n ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Ṣé wọ́n ti wọ inú ìkànnì mi ni? Ṣé kí n fèsì fún wọn pé kí wọ́n jáwọ́? Ṣé kí n kúkú yọ fọ́ọ̀mù náà kúrò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ó bá ti rí irú èyí rí kí ó bá mi dá sí i.

Oníbàtà Ìdúmọ̀tà kọ:

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ní tèmi, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ sì fi nọ́ńbà WhatsApp yín sí ipò rẹ̀. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, ọkàn mi sì balẹ̀. Àwọn oníbàárà tèmi kì í fẹ́ kọ ímeèlì rárá, àwòrán bàtà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ tí wọ́n á sì béèrè iye owó rẹ̀.

Oníṣẹ́ Ìkànnì Yábà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí ẹ yọ fọ́ọ̀mù náà. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ bá kọ gbàgàdà sí ojú ìkànnì náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àwọn tí ń kó ímeèlì jọ ń kó nọ́ńbà jọ pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó wà ní òkè òkun tí ó fẹ́ ra aṣọ fún ogójì ènìyàn yóò fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì ní ìwé tí ó lè tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ bá dé.

Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ohun kan nínú ohun tí ẹ sọ yìí tí ó fi hàn pé wọ́n ti wọ inú ìkànnì yín. Fọ́ọ̀mù gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá wá. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ náà ni ó ń ṣe. Kò sì sí ẹnì kan tí ó jókòó síbì kan tí ó dójú sọ yín. Róbọ́ọ̀tì ló ń ṣe é, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí ń rìn láti ìkànnì kan dé òmíràn, tí ń wá ibi tí fọ́ọ̀mù wà, tí ó sì ń da ọ̀rọ̀ kan náà sínú gbogbo wọn. Nínú 100 ìkànnì lágbàáyé, ó lé ní 40 tí ó jẹ́ pé WordPress ni wọ́n fi ṣe wọ́n, nítorí náà ẹni tí ó bá ti kọ́ róbọ́ọ̀tì rẹ̀ bí fọ́ọ̀mù WordPress ṣe ń ṣiṣẹ́ ti rí ọ̀nà wọ ibi púpọ̀. Ìwà yìí tilẹ̀ ti wà kí ìkànnì tó dé: ní ọdún 1978, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà DEC ní Amẹ́ríkà fi ìpolówó ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí ARPANET, ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ṣáájú ayélujára, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí ó ń náni láti ránṣẹ́ kéré débi pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá tẹ línkì wọn nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, èrè ti wọlé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fèsì rárá. Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè jẹ́ irọ́, ó sì lè jẹ́ ti aláìṣẹ̀ kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá sì jẹ́ tiwọn lóòótọ́, èsì yín yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn wà nídìí ímeèlì yìí, wọn yóò sì tún tẹra mọ́ ọn. Línkì tí wọ́n máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ pé kí ẹ tẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn mọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe fún àwọn oníbàárà mi ni àpótí pańpẹ́. A ó fi àpótí kan kún fọ́ọ̀mù náà, a ó sì fi í pamọ́ kí ojú ènìyàn má baà rí i. Ènìyàn kò ní kọ nǹkan kan sínú ohun tí kò rí, ṣùgbọ́n róbọ́ọ̀tì tí ń ka kóòdù ojú ìwé náà yóò rí i, yóò sì kún un, nítorí gbogbo àpótí tí ó bá bá pàdé ni ó ń kún. Bí àpótí yẹn bá ti ní ohunkóhun nínú, a mọ ẹni tí ó wá. Ohun kejì ni wíwo àkókò. Ìyá tí ó fẹ́ béèrè iye owó léèsì yóò lo àkókò díẹ̀ kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n róbọ́ọ̀tì a máa parí tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A lè sọ fún fọ́ọ̀mù pé kí ó má gba ọ̀rọ̀ tí ó bá dé kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó pé. Ohun kẹta ni línkì: torí línkì ni spam ṣe wà, ẹ má jẹ́ kí fọ́ọ̀mù gba ọ̀rọ̀ tí ó bá ní línkì nínú. Àwọn ohun wọ̀nyí kò da oníbàárà láàmú, kò sí ohun tí a ní kí ó ṣe.

Òǹtẹ̀wé Ṣómólú kọ:

Pańpẹ́ yẹn dára, àmọ́ kò tó. Àwọn róbọ́ọ̀tì kan ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ń wo bóyá wọ́n fi àpótí pamọ́, wọn yóò sì fò ó kọjá. Ohun tí ó mú ìtura bá mi níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé mi ni CAPTCHA, ìyẹn ìdánwò tí ó ní kí ẹ tọ́ka sí àwòrán ọkọ̀ tàbí iná ojú pópó kí ẹ tó lè fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́. Ọjọ́ tí mo gbé e síbẹ̀ gan-an ni spam tí ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ìyá wa, bí ẹ bá fẹ́ ìsinmi, òun ni kí ẹ lò.

Olùkọ́ Sùúrùlérè kọ:

Mo fẹ́ ta ko ẹ̀gbọ́n òǹtẹ̀wé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, ohun tí ìdánwò àwòrán ń ṣe fún wọn kò dára rárá. Ètò tí ń ka ojú ìwé sí wọn létí kò lè sọ èwo ni iná ojú pópó nínú àwòrán kékeré mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ẹ lè yan èyí tí a ń gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ohùn náà a máa dàrú mọ́ ariwo, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ kì í sábà yé àwọn ọmọ wa. Ẹni tí kò ríran náà ń ra aṣọ ẹbí, ó ń ṣe òkú ìyá rẹ̀, ó ń gbéyàwó. Kò yẹ kí a lé e padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí róbọ́ọ̀tì.

Mo tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti pańpẹ́. Bí ẹ bá fi àpótí náà pamọ́ fún ojú nìkan, ètò tí ń kàwé fún afọ́jú yóò ṣì kà á jáde, ẹni náà yóò kọ ọ̀rọ̀ sí i, fọ́ọ̀mù yóò sì pè é ní róbọ́ọ̀tì láìsọ fún un. Kí ẹni tí yóò ṣe é kọ aria-hidden sí ara àpótí náà, kí ètò ìkàwé má baà kà á, kí ó fi tabindex rẹ̀ sí -1 kí kíbọ́ọ̀dù má baà dé ibẹ̀, kí ó sì kọ gbólóhùn kan sí i pé kí a fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, fún ẹni tí ó bá ṣì bá a pàdé.

Oníṣẹ́ Ìkànnì Yábà kọ:

Òótọ́ pọ́ńbélé ni olùkọ́ wa sọ. Mo fi èyí kún un pé aṣàwákiri orí fóònù, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, máa ń fúnra rẹ̀ kún orúkọ àti àdírẹ́sì tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sọ àpótí pańpẹ́ ní orúkọ bíi address tàbí company, fóònù oníbàárà lè kún un fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ oníbàárà gidi yóò sì bọ́ sínú pańpẹ́. Ẹ fún un ní orúkọ tí aṣàwákiri kò mọ̀ mọ́ nǹkan kan, kí ẹ sì pa ìkún-fúnra-ẹni níbẹ̀.

Ní ti CAPTCHA, àwọn olùwádìí Yunifásítì Carnegie Mellon wà lára àwọn tí ó gbé orúkọ yẹn síta; Google ra reCAPTCHA, ọ̀kan lára irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2009. Láti ìgbà náà, oríṣi tí kì í béèrè àwòrán ti dé. reCAPTCHA ẹ̀yà kẹta, tí ó jáde ní 2018, ń wo bí ènìyàn ṣe ń lo ojú ìwé, ó sì ń fún un ní máàkì láti 0 títí dé 1. Ilé-iṣẹ́ Cloudflare gbé ìdánwò tirẹ̀, Turnstile, jáde ní 2022, òun náà kì í sábà béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ènìyàn. Bí pańpẹ́ àti àkókò kò bá tó, Turnstile ni èmi ì bá fi kún un. Ẹ̀gbọ́n òǹtẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún iye oníbàárà tí ń kọ̀wé sí yín wò láti ìgbà tí ẹ ti gbé àwòrán síbẹ̀. Kì í ṣe spam nìkan ni àwòrán ń dín kù.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Village kọ:

Ẹ ń fi ọ̀rọ̀ gùn. Ìyá wa, ọ̀nà mẹ́ta tí ó yá nìyí. Àkọ́kọ́, gbogbo spam ni ó ní àdírẹ́sì IP tí ó ti wá, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń mọ ẹ̀rọ lórí ayélujára. Ẹ máa dí wọn mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí fọ́ọ̀mù gba ọ̀rọ̀ kankan tí ó bá ní lẹ́tà tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì nínú, Rọ́ṣíà yẹn yóò pòórá. Ẹ̀kẹta, nínú Gmail yín, ẹ máa tẹ ibi tí a ti ń fẹjọ́ spam sùn, kò ní pẹ́ kí Gmail fúnra rẹ̀ mọ̀ wọ́n.

Oníṣẹ́ Ìkànnì Yábà kọ:

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ni ẹ fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè pa ìyá wa lára, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á kí ó lọ lò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ti IP. Àdírẹ́sì IP ti àtijọ́, tí a ń pè ní IPv4, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ lágbàáyé, wọn kò sì kárí àwọn fóònù tí ó wà nílé ayé. Nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá dí ọ̀kan mọ́lẹ̀ nítorí spam kan tí ó gba ibẹ̀ wá, ẹ lè ti dí ìdajì àdúgbò Mushin mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Àwọn tí ń fi spam ránṣẹ́ ní tiwọn ń pààrọ̀ àdírẹ́sì ní gbogbo ìgbà, torí náà iṣẹ́ yẹn kò lópin. Ohun tí ó ní àǹfààní ni kí fọ́ọ̀mù má gba ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ láti àdírẹ́sì kan náà láàárín wákàtí kan, kí ó sì tún ṣí fún un lẹ́yìn náà.

Ní ti lẹ́tà, ẹ wo ohun tí àwa fúnra wa ń kọ níbí. Ẹ, ọ àti ṣ wa, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn tí a ń fi sórí ọ̀rọ̀, kò sí nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Asẹ́ tí ẹ ń sọ yìí yóò lé oníbàárà tí ó bá kọ “Ẹ kú ọjà, mo fẹ́ aṣọ òkè” padà, yóò sì gba ẹni tí ń polówó oògùn ní Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Kí a dárúkọ lẹ́tà Rọ́ṣíà gan-an, tí wọ́n ń pè ní Cyrillic, kí asẹ́ máa wo ìyẹn nìkan. Ó ṣeé ṣe, kò sì le.

Ti Gmail ni ó léwu jù. Ọ̀rọ̀ tí ó gba fọ́ọ̀mù wọlé, orúkọ dòméènì ìyá wa, ìyẹn orúkọ ìkànnì wọn lórí ayélujára, ni ó gbé wá, torí ìkànnì tiwọn ni ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Bí ẹ bá ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn gẹ́gẹ́ bí spam, ìkànnì ara yín ni ẹ ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ó bá pẹ́, Gmail yóò máa gbé ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà gidi lọ sínú fódà spam, ìwé àwọn ará Houston yóò sì tún sọnù. Ẹ kàn pa á rẹ́, ó tán.

Aránṣọ Mushin kọ:

Mo ní àtúnṣe kan lórí ọ̀rọ̀ línkì. Àwọn oníbàárà mi máa ń so línkì Instagram mọ́ ọ̀rọ̀ wọn láti fi irú ìrán tí wọ́n fẹ́ hàn mí, mo sì gbà pé ti aláṣọ náà yóò rí bẹ́ẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù kò bá gba ọ̀rọ̀ kankan tí ó ní línkì, àwọn tí ó ti múra owó sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lé. Kí ó gba línkì kan, kí ó sì dá ọ̀rọ̀ tí ó bá ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró sápá kan fún ènìyàn láti yẹ̀ wò.

Ìyá Aláṣọ Balógun kọ:

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún yín. Ti línkì Instagram yẹn rí bẹ́ẹ̀ gan-an lọ́dọ̀ mi. Oríṣi kan tún wà tí ó ń dẹ́rù bà mí. Ẹnì kan kọ̀wé pé àwòrán òun ni mo gbé sí ojú ìkànnì mi, pé òun yóò pè mí lẹ́jọ́, pé kí n tẹ línkì kan kí n lè rí ẹ̀rí. Èmi ni mo ya gbogbo àwòrán aṣọ mi fúnra mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ni kí n ṣe sí i?

Agbẹjọ́rò Erékùṣù kọ:

Ìyá wa, ẹ má tẹ línkì náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Microsoft kéde fún gbogbo ayé nípa irú ìwé yìí gan-an: wọ́n ń gba inú fọ́ọ̀mù àwọn ilé-iṣẹ́ wọlé, wọ́n ń fi ẹjọ́ àwòrán halẹ̀, línkì wọn sì ń gbé ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lọ sí ojú ìwé kan lórí Google, níbi tí yóò ti gba fáìlì tí ó ní IcedID, ètò kan tí ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì. Ìdí tí wọ́n fi ń lo fọ́ọ̀mù ni pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti inú ìkànnì yín wá kì í sábà kọlu asẹ́ ímeèlì. Ìdí tí wọ́n fi ń lo orúkọ Google ni pé ènìyàn ń fọkàn tán an.

Ẹni tí ó ní ẹjọ́ òótọ́ yóò sọ àwòrán tí ó jẹ́, yóò sọ ojú ìwé tí ó wà, yóò sì kọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì tí ẹ lè wádìí. Kò ní ní kí ẹ kọ́kọ́ gba fáìlì sórí fóònù yín. Bákan náà ni ti ìwé tí ń sọ pé dòméènì yín fẹ́ parí, pé kí ẹ sanwó kíákíá: ẹ gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti ra dòméènì náà lọ wò ó, ẹ má gba inú ìwé wọn.

Òfin wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015, ní abala 32, dárúkọ spam tí a fi ránṣẹ́ láti dí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ó sì ka àrékérekè tí a fi ń gba ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́wọ́ ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín jẹ: ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe é kò sí ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà asẹ́ ni yóò ràn yín lọ́wọ́ lónìí. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin náà wà. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kan orúkọ, nọ́ńbà àti ímeèlì tí àwọn oníbàárà ń kọ sínú fọ́ọ̀mù yín. Ẹ má béèrè ju ohun tí ẹ nílò lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó wà nínú ìkànnì yín títí láé lẹ́yìn tí ẹ ti dá oníbàárà lóhùn.

Oníkéèkì Agége kọ:

Ẹ dákun, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, òun ni ó sì bá èmi jù. Fọ́ọ̀mù tèmi máa ń fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ padà sí ẹni tí ó kọ ọ́, pé “A ti rí ọ̀rọ̀ yín gbà”, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó kọ. Ó dàbí ìwà ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n àwọn oníspam rí i pé bí wọ́n bá kọ ímeèlì ẹlòmíràn sí àyè ímeèlì, fọ́ọ̀mù mi yóò bá wọn gbé ìpolówó wọn lọ fún ẹni náà, lórúkọ ilé kéèkì mi. Àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ mi sùn. Ilé-iṣẹ́ tí ó gba ìkànnì mi sí ti ìfìwéránṣẹ́ mi pa láìsọ ìdí rẹ̀ fún mi, àní ìwé iye owó tí mo kọ sí àwọn oníbàárà mi kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ìyá wa, ẹ wò ó bóyá tiyín ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pa á kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Oníṣẹ́ Ìkànnì Yábà kọ:

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ohun tí mo ti kọ. Spam tí ń bọ̀ wá bá yín ń gba àkókò yín; èyí tí ń ti ọ̀dọ̀ yín jáde ń ba orúkọ yín jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dá oníbàárà lóhùn, kí fọ́ọ̀mù fi ọ̀rọ̀ hàn án lójú ìwé náà pé a ti rí i gbà. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ímeèlì lọ, kí ó jẹ́ gbólóhùn kan tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, kí nǹkan kan nínú ohun tí àlejò kọ má sí níbẹ̀, àní orúkọ rẹ̀ pàápàá, nítorí àyè orúkọ ni wọ́n máa ń kọ línkì sí.

Kí ẹni tí yóò bá yín ṣe é tún wo àdírẹ́sì tí fọ́ọ̀mù fi ń ránṣẹ́. Kí ó jẹ́ ti dòméènì yín, kí ímeèlì oníbàárà wà ní àyè Reply-To nìkan, ìyẹn àyè ibi tí èsì yóò lọ, kí a sì ṣètò SPF, DKIM àti DMARC fún dòméènì náà, àwọn ètò tí ń fi hàn pé ímeèlì ti ọ̀dọ̀ yín wá lóòótọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail ti túbọ̀ le koko lórí èyí.

Òǹtẹ̀wé Ṣómólú kọ:

Mo ti gbọ́ ti àwòrán, màá gbé Turnstile wò. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, róbọ́ọ̀tì ni ó ń dá dúró. Àwọn ènìyàn gidi wà tí wọ́n ń gba owó láti jókòó kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà. Fún ìyẹn, mo kó àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí WordPress ń kọ̀, tí ó wà nínú ètò Discussion, Contact Form 7, ètò tí mo fi ṣe fọ́ọ̀mù mi, sì ń tẹ̀ lé e.

Oníṣẹ́ Ìkànnì Yábà kọ:

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Àkójọ yẹn ń wo inú ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe odidi ọ̀rọ̀ nìkan. Bí ẹ bá kọ sex sínú rẹ̀, oníbàárà tí ó bá ní òun ń gbé ní Essex ní ìlú ọba kò ní lè kọ̀wé sí yín mọ́. Ẹ má sì kọ dollar tàbí pound sínú rẹ̀, torí àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lókè òkun ń fi béèrè iye owó. Odidi gbólóhùn ni kí ẹ kọ, irú èyí tí ẹni tí ń ra aṣọ kò lè sọ láéláé.

Ní ti ènìyàn gidi, Akismet, ètò asẹ́ spam tí ó ti wà láti 2005, ń fi ọ̀rọ̀ tí ó wọlé wé ohun tí ó ti rí lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, ó sì ń mú lára wọn. Ẹni tí ń fi ìkànnì ṣòwò ní láti sanwó fún un. Ohun tí agbẹjọ́rò wa sọ tún kàn án: ọ̀rọ̀ oníbàárà yóò lọ sí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wọn, torí náà ẹ sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà ní ojú ìwé ìlànà yín.

Ohunkóhun tí asẹ́ bá mú, kí ó má pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ó kó o sí apá kan nínú ìkànnì, kí ẹnì kan sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí asẹ́ tí kì í ṣi oníbàárà mú.

Ìyá Aláṣọ Balógun kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti bi ọmọ mi obìnrin, ó ní fọ́ọ̀mù wa ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ padà lóòótọ́, a sì ti pa á. A ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pańpẹ́ àti àkókò, bí olùkọ́ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, línkì kan péré ni yóò sì máa gbà. A kò ní fi ìdánwò àwòrán síbẹ̀. Nọ́ńbà WhatsApp yóò wà nínú ṣọ́ọ̀bù àti lára káàdì wa, fún àwọn tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: báwo ni màá ṣe mọ̀ pé a kò ti lé oníbàárà gidi síta?

Olùkọ́ Sùúrùlérè kọ:

Ẹ kọ̀wé sí ara yín, mà. Ẹ gba orí fóònù, pẹ̀lú dátà, ẹ má lo wáyà ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ẹ tún kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ so línkì àwòrán kan mọ́ ọn, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ kún orúkọ. Ẹ ní kí ẹnì kan ní òkè òkun ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nígbàkígbà tí ẹ bá ṣe àtúnṣe sí WordPress tàbí sí plugin fọ́ọ̀mù náà, ìyẹn ètò àfikún tí ó gbé e, ẹ tún ìdánwò yìí ṣe. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi àdírẹ́sì ìkànnì náà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò fi ètò ìkàwé wọn bá yín dán an wò.